Ta ni kó sàba lé ẹyin gúùsì? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ sin gúùsì nílé ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gúùsì ní Ilé-Ifẹ̀, ẹyin ló máa ń kọ́kọ́ béèrè: níbo ni wọ́n ti ń tà á, èló ni, ta ni yóò sàba lé e. Ọ̀rọ̀ ẹyin ṣe kókó, a ó sì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi lẹ bi, ẹ kọ́kọ́ jáde sẹ́yìnkùlé kí ẹ wolẹ̀. Báwo ni koríko ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Koríko ni oúnjẹ gúùsì, bó ṣe jẹ́ oúnjẹ àgùntàn. Ẹni tí gbogbo àgbàlá rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì tàbí íńtálọ́ọ̀kì, owó ni yóò máa fi ra ohun tó ń hù lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ilé ẹlòmíràn, yóò sì sú u kí ọdún tó yí po.

Àwọn tó ń sin ín lórí pápá máa ń ṣírò gúùsì 20 sí 40 fún éékà kan tí koríko rẹ̀ dára. Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, nǹkan bíi 6 rẹ̀ ló ń di éékà kan. Ẹ ṣírò ó wò: pulọ́ọ̀tì kan gbáko tí kò sí ilé lórí rẹ̀ rárá, gúùsì 3 sí 6 ló gbà. Ẹ wá yọ ilé kúrò níbẹ̀, ẹ yọ kànga, ẹ yọ ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí. Èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tó ń gbé Ìlódè tàbí Lágeré, níbi tí ògiri ti ń kan ògiri, pẹ́pẹ́yẹ ni mo máa ń ní kó rà. Ẹni tó ní ilẹ̀ lọ́nà Ẹdẹ, lọ́nà Òǹdó, tàbí níhà Mòrò àti Ìpetumodù, òun ló lè máa ro ti gúùsì.

Ariwo ńkọ́? Ó pọ̀. Gúùsì a máa kígbe mọ́ àlejò, mọ́ ọ̀kadà, mọ́ ọmọ tó ń kiri pọ̀mọ́. Ọ̀pọ̀ ló tìtorí ariwo yìí rà á, wọ́n ní ó ń lé olè, ó sì ń lé ejò. Ti olè, mo fara mọ́ ọn. Ti ejò, ohun tó dá mi lójú ni pé ibi tí gúùsì bá ti jẹ koríko kanlẹ̀, ejò kì í ríbi sá pamọ́ sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ tún rántí pé ẹran ọlọ́jọ́ gígùn ni: gúùsì tí a tọ́jú dáadáa lè lo ju 20 ọdún lọ. Ẹ bá aládùúgbò yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kó o wálé.

Ẹyin tó yẹ ká rà

Ẹyin gúùsì máa ń wọ̀n tó gíráàmù 120 sí 170, nígbà míì ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin adìẹ kì í sábà ju 60 lọ. Ìwọ̀n yìí ni ẹ máa fi sọ́kàn tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ àgbébọ̀.

Ní ti irú, èyí tí wọ́n ń pè ní ti Ṣáínà, tó ní kókó níwájú orí, ló ń yé jù nínú àwọn tí ẹni tó ń sìn nílé lè rí: 40 sí 60 ẹyin lọ́dún. Embden funfun àti Toulouse eléérú sanra jù ú lọ, ṣùgbọ́n 20 sí 40 ni tiwọn. Irú kan tún wà tí wọ́n ń pè ní African. Orúkọ lásán nìyẹn o, Éṣíà ni ìran rẹ̀ ti wá. Òun àti ti Ṣáínà, inú gúùsì igbó kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ẹyin púpọ̀ kó mú ti Ṣáínà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹran fún ọdún Kérésì kó mú Embden, kó sì ní sùúrù.

Ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́, akọ mélòó ló wà láàárín abo? Akọ ti Ṣáínà kan lè tó abo 4 sí 6. Ti àwọn tó sanra, 2 sí 3 ni. Níbi tí akọ kan bá ti ń bá abo 10 rìn, ẹyin òfo lẹ fẹ́ rà. Ìkejì, ṣé ìyá rẹ̀ ti lé ní ọdún kan tó ti ń yé? Ẹyin ọdún kejì máa ń pa ọmọ ju ti ọdún àkọ́kọ́ lọ.

Kí ẹyin náà má ju ọjọ́ 7 lọ. Tó bá ti kọjá ọjọ́ 10, ọmọ inú rẹ̀ ti ń dín kù. Ibi tó tutù díẹ̀ ló ń fẹ́, bíi 13 sí 16°C, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú fìríìjì, torí òtútù ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Lọ́dọ̀ wa níbí, ilẹ̀ yàrá inú pátápátá, lẹ́bàá ògiri tí oòrùn kì í dé, ló sún mọ́ ọn jù. Ẹ dà á dùbúlẹ̀, ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Tó bá jẹ́ pé láti Iléṣà lẹ ti gbé e wá, ẹ jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbé e sábẹ́ ohunkóhun, torí ọ̀nà ti mì ín. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́; aṣọ gbígbẹ lẹ ó fi nù ún. Èyí tí ìgbẹ́ bò mọ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Àwọn tó lè sàba lé e

| Ta ni? | Ọjọ́ tó fi ń sàba lé ẹyin tirẹ̀ | Ẹyin gúùsì tó lè bò | Iṣẹ́ tó kù sí yín lọ́wọ́ |
|---|---|---|---|
| Gúùsì fúnra rẹ̀ | 28 sí 35, 30 ló wọ́pọ̀ | 10 sí 12 | Oúnjẹ àti omi nítòsí ìtẹ́ |
| Pẹ́pẹ́yẹ ilẹ̀ wa | 35 | 6 sí 8 | Omi tó lè wẹ̀, àti ìṣọ́ |
| Àgbébọ̀ adìẹ | 21 | 4 sí 6 | Yíyí ẹyin, wíwọ́n omi, ìṣọ́ |
| Tòlótòló | 28 | bíi 10 | Wíwọ́n omi |
| Ẹ̀rọ ìsàba | – | bí ó bá ṣe tóbi tó | Gbogbo rẹ̀ |

Kò sí ẹni tó mọ ẹyin gúùsì bí gúùsì. Àmọ́ ìgbà tó bá ti jókòó, kò tún ní yé mọ́. Ẹyin 10 tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti dènà gbogbo èyí tí ì bá tún yé lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á máa kó ẹyin àkọ́yé fún ẹlòmíràn, wọ́n á sì fi èyí tó yé gbẹ̀yìn sílẹ̀ fún un kó sàba lé. Kíkó o gba ọgbọ́n, torí akọ rẹ̀ ń bẹ nítòsí, ìyẹ́ apá akọ gúùsì kì í ṣe ohun tí ẹ máa fẹ́ kó bà yín lójúgun. Ẹ mú igbá tàbí ìdérí ọpọ́n dání tí ẹ bá ń lọ síbẹ̀.

Nínú àwọn tó kù, pẹ́pẹ́yẹ ni mo yàn, mi ò fi bò. Èyí tí mò ń wí ni pẹ́pẹ́yẹ ilẹ̀ wa tó ní ẹran pupa yí ojú ká, kì í ṣe àwọn funfun tó ń rìn nàró. Ọjọ́ 35 lòun fi ń jókòó lé ẹyin tirẹ̀, nítorí náà 30 kò lè sú u. Ẹ jókòó sítòsí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kí ẹ wò ó. Yóò dìde pẹ̀lẹ́, yóò fi ẹnu wọ́ ìyẹ́ àyà tó ti fà sílẹ̀ bo ẹyin dáadáa títí tí ẹ kò fi ní rí funfun rẹ̀ mọ́. Yóò wá sáré lọ síbi oúnjẹ, ìkánjú kì í jẹ́ kó gbé e mì tán. Lẹ́yìn náà ó kó sínú ọpọ́n omi, ó gbọn ara, kò sì dúró kó gbẹ, ó ti padà sórí ẹyin. Omi tó wà ní ìyẹ́ àyà rẹ̀ yẹn ni ẹyin ń fẹ́. Ohun tí ẹni tó ní ẹ̀rọ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́, òun ti ṣe é tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kò sì bẹ NEPA.

Àléébù rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ẹyin tó lè bò kò pọ̀. Èkejì ni pé tó bá pa wọ́n tán, odò tàbí kòtò omi ló máa kó àwọn ọmọ lọ tààrà, àwòdì sì ń bẹ lókè. Ẹ sé wọn mọ́ abẹ́ àgò tàbí ibi tí ẹ fi àwọ̀n bò fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́.

Àgbébọ̀ adìẹ wà nínú gbogbo ilé, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń sáré gbé ẹyin gúùsì fún un. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an lẹ máa di ìgbákejì rẹ̀. Adìẹ tí ẹyin tirẹ̀ jẹ́ gíráàmù 55 kò lè fi ẹnu yí ohun tó jẹ́ 150. Nítorí náà, ìgbà tó bá dìde lọ jẹun, ẹ ó fi ọwọ́ yín yí i, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí i, àmì kan níhìn-ín, òmíràn lẹ́yìn, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ti yí. Ara adìẹ kì í tutù bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Láti ọjọ́ 10, ẹ máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọ́n ẹyin lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ yẹ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ wò ṣáájú kí ẹ tó gbé ẹyin sábẹ́ rẹ̀, torí adìẹ tí kòkòrò ara ń jẹ kò ní lè dúró fún ọjọ́ 30. Ẹ tún rí i pé ó ti fi ọjọ́ díẹ̀ jókòó ṣinṣin. Adìẹ míì wà tó jẹ́ pé tí ọjọ́ 21 bá ti kọjá tí kò gbọ́ ohùn ọmọ, á dìde, ó di gbére.

(Ìgbà tí àwọn ọmọ náà bá wá kó sínú omi, ẹ ó rí ìyá adìẹ létí ọpọ́n tó ń sá sókè sá sódò, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lọ́mọ gbé. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù.)

Tòlótòló dára ju adìẹ lọ lọ́nà gbogbo: ara rẹ̀ tóbi, ọjọ́ tirẹ̀ súnmọ́ ti gúùsì, ó sì máa ń jókòó gan-an. Ẹni tó bá ti ní i kó lò ó. Kí èèyàn torí ẹyin gúùsì lọ ra tòlótòló, owó ìyẹn pọ̀ jù fún mi.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ yẹ ẹni tí ẹyin rẹ̀ ju ohun tí pẹ́pẹ́yẹ méjì lè bò lọ, tí èèyàn sì ń wà nílé ní ọ̀sán. Ẹni tó ń jáde ní aago méje àárọ̀, tó ń padà ní aago méje alẹ́, kó má wulẹ̀ rà á.

Èyí tó ní fáànù nínú, 37.5°C lẹ ó gbé e sí. Èyí tí kò ní fáànù gba kí ó tó 38 tàbí díẹ̀ sí i, ibi tí ẹ ó sì ti wọ̀n ọ́n ni ọgbọọgba pẹ̀lú orí ẹyin, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Dídùbúlẹ̀ ni ẹyin gúùsì ń dùbúlẹ̀. Ẹ yí i ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kí ẹ̀gbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ bọ́ sókè. Ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ yí ẹyin, ẹyin adìẹ ni wọ́n sábà ń wọn ihò rẹ̀ fún. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Láti bíi ọjọ́ 8 títí di 27, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ẹyin tutù díẹ̀, ẹ wọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, ẹ pa á dé. Lọ́jọ́ 27 yẹn, ẹ dẹ́kun yíyí.

Iná tó bá lọ fún wákàtí kan tàbí méjì kì í pa gbogbo wọn. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀rọ náà, ẹ má ṣí i wò. Ooru àpọ̀jù ló ń yára pa wọ́n. Tẹmómítà tó bá ti lé ní 40, ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sórí. Torí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù àtùpà tí àwọn kan ń gbé sínú ẹ̀rọ nígbà tí iná bá lọ ṣe ń bà mí ju òtútù lọ.

Ọ̀rọ̀ omi inú ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ìwé pélébé tó bá ẹ̀rọ wá máa sọ pé kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà ní 50 sí 55 nínú 100, kó sì lọ sókè sí 70 tàbí 75 ní ọjọ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ láti oṣù kẹfà sí ìkẹwàá kì í ṣe ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbẹ. Ẹni tó bá ń da omi kún un bó ṣe rí i nínú ìwé, láìwo mítà, ọmọ á kú sómi nínú èèpo ara rẹ̀, lẹ́yìn tó ti tán láti jáde. Nígbà ọyẹ́ ló wá ń yí padà, omi kì í tó. Ọgbọ́n tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn fúláwà. Ẹyin yẹ kó pàdánù bíi 13 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ kí ọmọ tó dá a lu. Èyí tó jẹ́ gíráàmù 150 lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹ kó wà ní bíi 130 tó bá fi máa di ọjọ́ 27. Tó bá ṣì wúwo jù bẹ́ẹ̀, ẹ dín omi kù. Tó bá ti fúyẹ́ jù, ẹ fi kún un.

Lọ́jọ́ 10, ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé ẹyin ka orí iná fóònù, kí ẹ fi ìka yí i ká kí ìmọ́lẹ̀ má yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó lọ́mọ nínú, ẹ ó rí ojú dúdú kan àti iṣan pupa tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ta láti ara rẹ̀. Tí ẹ bá dúró díẹ̀, ojú dúdú náà á mì. Èyí tó mọ́ gaara, òfo ni. Èyí tí òrùka pupa kan yí po láìsí iṣan, ọmọ ti kú síbẹ̀. Ẹ kó àwọn méjèèjì kúrò, ẹyin tó bá bàjẹ́ nínú ooru lè bú, òórùn rẹ̀ kò ní kúrò nílé bọ̀rọ̀.

Láti ìgbà tí ọmọ bá ti dá èèpo lu títí tó fi jáde lè gba ọjọ́ kan sí méjì, nígbà míì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fọwọ́ lẹ́rán. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ àti pupa ẹyin tó kù sínú ara ni. Ẹni tó bá bá a bó èèpo ní kíákíá, ẹ̀jẹ̀ ló máa rí.

Ẹ̀rọ tún ní nǹkan kan tí kò sí nínú tábìlì òkè yìí: ọmọ tó pa kò ní ìyá. Konrad Lorenz, ọmọ ilẹ̀ Ọ́stríà tó wà nínú àwọn mẹ́ta tó pín ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1973, ló mú kí ayé mọ̀ nípa ọmọ gúùsì pé ohun tó bá kọ́kọ́ rí tó ń rìn ló máa gbà ní ìyá. Ọmọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀. Wọ́n á tẹ̀ lé yín dé ilé ìdáná, dé ẹnu géètì, dé etí títì. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń mú kí gúùsì rọrùn láti kó sílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ máa wá ooru fún wọn: bíi 32°C ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ máa yọ 3 kúrò ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní Ifẹ̀, tí kì í bá ṣe ìgbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó. Ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé kò gbọdọ̀ yọ̀. Ìwé ìròyìn àti ọ̀rá ni àwọn èèyàn ń tẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ á sì là sọ́tùn-ún sósì, kò ní lè dìde mọ́. Àpò ìrẹsì tàbí àpò gààrí tó rí ṣágiṣàgi ló dáa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí. Ọmọ tó wà lábẹ́ ìyá máa ń rí òróró láti ìyẹ́ ìyá rẹ̀, tiyín kò ní.

Oúnjẹ: ti àpò, ti ilé, ti ilẹ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ gba sítátà, oúnjẹ àpò ti ọmọ ẹyẹ, tí èròjà amúaradàgbà rẹ̀ jẹ́ 20 sí 22 nínú 100. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nílé ìtajà:

"Ẹ kú ọjà, mà. Sítátà ni mo fẹ́."

"Ti adìẹ àbí ti tòlótòló?"

"Gúùsì ni mà."

"Ha, ẹran ńlá nìyẹn, ẹ gba ti tòlótòló."

Ìyá náà kò parọ́, ẹran ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á. Sítátà tòlótòló lè tó 28, ìyẹn sì le jù fún gúùsì. Tí oúnjẹ tó le báyìí bá ń bá a lọ, tí koríko kò sì sí, orí apá rẹ̀ á ṣẹ́ síta, á máa na bí ẹni tó fẹ́ fò. Tó bá ti dàgbà báyẹn, kò sí àtúnṣe mọ́. Ti adìẹ ni kí ẹ gbà, èyí tí kò ní oògùn nínú, ẹ sì jẹ́ kó yé ẹni tó ń tà á pé gúùsì lẹ fẹ́ fún.

Ohun kan ni oúnjẹ adìẹ kò ní tó: fítámì B3, tí wọ́n ń pè ní niacin. Gúùsì àti pẹ́pẹ́yẹ ń fẹ́ ẹ ju adìẹ lọ dáadáa. Ọmọ tí kò bá rí i tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀, oríkèé rẹ̀ á wú, á máa fi orúnkún rìn. Fítámì B tí wọ́n ń pò mọ́ omi mímu wà ní ilé ìtajà oògùn ẹran. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ bọ́ sí gúrówà, oúnjẹ àpò ti ẹyẹ tó ń dàgbà, 15 sí 16 nínú 100, kí koríko sì gba ipò iwájú.

Oúnjẹ tí a ń pò nílé ló ń wu èèyàn jù tí owó àpò bá ti gbówó lórí. Àgbàdo fífọ́, èérí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sẹ́ ògì, sóyà díẹ̀. Ó dára fún èyí tó ti dàgbà, kò dára kó jẹ́ òun nìkan ni ọmọ ń jẹ. Èérí ń yó ikùn, kò ní agbára púpọ̀ nínú. Ẹ fún wọn ní èyí tí wọ́n sẹ́ lọ́jọ́ náà, kó má sùn. Ẹ yan sóyà kí ẹ tó lọ̀ ọ́, tútù rẹ̀ kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú wọn. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù àti èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé. Búrẹ́dì, kí àwọn ọmọdé má sọ ọ́ di àṣà.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí ni àgbàdo àti kéèkì ẹ̀pà tó ti bu. Lọ́dún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọ pinpin rẹ̀, kéèkì ẹ̀pà tó wá láti Bràsíl ni, oró inú ohun tó bu lára rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní aflatoxin títí dòní. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, tòlótòló àti gúùsì wà lára àwọn tí oró yìí ń yára mú. Àgbàdo tí òjò bá lé wọlé, tó bu tó sì ní àwọ̀ ewé tàbí tó ń rùn ní ìdí àpò, oòrùn kò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ má ní "adìẹ lásán ni yóò jẹ ẹ́". Adìẹ náà kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

Ó wá ku koríko, níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tó tutù ni gúùsì ń jẹ. Koríko kúkúrú tó rọ̀, tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, ló ń wá: eéran, gbẹ̀gí, koríko tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé. Eèsún tó ti ga tó èèyàn, á fi ẹnu tọ́ ọ wò, á kọjá lọ. Ẹ gé irú ibẹ̀ lulẹ̀, kí ẹ sì kó wọn síbẹ̀ nígbà tó bá tún ń rú. Ọmọ ọ̀sẹ̀ kan ti lè jẹ èyí tí ẹ bá gé wẹ́wẹ́ fún un, ṣùgbọ́n ẹ bu yanrìn díẹ̀ sítòsí rẹ̀, òun ló fi ń lọ oúnjẹ nínú. Tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pápá tó dára ti lè fún un ní èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀.

Oṣù kejìlá sí ìkejì ló máa ń fi irọ́ ẹni tó ní òun ní koríko hàn. Ẹni tó ní àkùrọ̀ kò ní ìṣòro: gbúre, tẹ̀tẹ̀, ewé ọ̀dùnkún wà níbẹ̀ títí. Ewé kábéèjì tí àwọn tó ń tajà ní Sábó ń ṣí dànù náà dára. Ẹni tí kò ní èyíkéyìí, kó múra sílẹ̀ fún bíi gíráàmù 200 oúnjẹ fún gúùsì kan lójúmọ́; gúùsì 5, kílò kan lójúmọ́, àpò kílò 25 kan kò ní pé oṣù. Ẹ fi iye tí àpò kan jẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹyin 12 sábẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ewé píà jẹ́ májèlé fún wọn. Oko tí wọ́n fín oògùn apakoríko sí náà, kí wọ́n má sún mọ́ ọn. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti oṣù kìíní 2024, síbẹ̀ ẹ bi ẹni tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yín léèrè ohun tó fín. Ẹ sì fi ọgbà yí àgbàdo yín ká. Koríko ni àgbàdo lójú gúùsì.

Omi gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá oúnjẹ ní gbogbo ìgbà, kó sì jìn tó kí wọ́n lè ri ẹnu bọ̀ ọ́ títí dé ihò imú. Wọ́n á sọ àyíká rẹ̀ di ẹrẹ̀, nítorí náà ẹ má kó wọn pọ̀ mọ́ adìẹ nínú ilé kan. Kì í ṣe ti ẹrẹ̀ nìkan. Àìsàn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu, tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 2006, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Kàdúná, ẹyẹ inú omi lè gbé e kiri láìfi hàn lára, adìẹ ló máa kú. Àgbébọ̀ tó bá yín sàba, kí òun àti àwọn ọmọ gúùsì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ sí àwọn adìẹ yòókù.

Èyí tó kù ni ti àwọn tó ń yé. Nǹkan bí oṣù kan kí ìgbà ẹyin tó dé, ẹ máa fi léyà, oúnjẹ àpò ti ẹyẹ tó ń yé, kún oúnjẹ abo díẹ̀díẹ̀, kí èèpo ẹyin lè le. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ bá wọn jẹ nínú rẹ̀, ẹfun inú léyà ti pọ̀ jù fún kíndìnrín wọn. Ẹni tí àgbà àti ọmọ jọ wà nínú ọgbà kan kó dúró ti àgbà níbi oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́ títí tí wọ́n á fi jẹ ẹ́ tán, tàbí kó fi pákó ṣe ẹnu ọ̀nà tí ọmọ lè gbà wọlé sídìí sítátà tirẹ̀, tí ara àgbà kò ní gbà.